Ta ló ti rí bàálù mìíràn láti ojú fèrèsé bàálù tirẹ̀ rí?

Ọmọ Òkè Kàbbà: Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Mo ń ka ọ̀rọ̀ òfin tí wọ́n ń ṣe l'Amẹ́ríkà nítorí bàálù àti hẹlikópítà ológun tó forí sọra lókè odò Potomac ní Washington, 29 oṣù Kìíní 2025. Ẹni 67 ló lọ, kò sẹ́ni tó yè. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ilé aṣòfin àgbà wọn fọwọ́ sí i, pé kí àwọn ológun náà máa kéde ibi tí wọ́n wà, kí awakọ̀ òfurufú sì máa rí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fò láti Èkó sí Àbújá, kí lojú yín ti rí lókè?

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà: Èmi ò wọ bàálù rí, n ò sì ní wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tó mi.

Oníṣòwò Ìsánlú: Tèmi rèé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó, torí mo fẹ́ràn kí n máa wo Lọ́kọ́ja láti òkè, níbi tí omi Ọya ti pàdé Bẹ́núè. Mo ṣì ń fojú wá afárá Jàmátà ni nǹkan funfun kan bá sáré kọjá lábẹ́ wa, ibi tá a ti ń bọ̀ ló ń lọ. Mo rí ọ̀dà pupa ìrù rẹ̀. Mo rí fèrèsé rẹ̀! Ọkùnrin tó jókòó tì mí pe "Jésù" lẹ́ẹ̀kan, kò la ẹnu mọ́ títí a fi balẹ̀. Ọmọ tó ń pín mítípáì ò tiẹ̀ wojú òde.

Kò Sí Irọ́: Fèrèsé kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dín in kù díẹ̀.

Oníṣòwò Ìsánlú: Ṣé o wà níbẹ̀ ni?

Ará Táwà: Ẹ má jà. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ táwà ni mo ṣe, àwa là ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀, tá a ń darí bàálù. Ohun tí àbúrò mi rí lè jẹ́ òótọ́, kó má sì léwu rárá. 1,000 ẹsẹ̀ bàtà la fi ń ya èyí tó wà lókè kúrò lára èyí tó wà nísàlẹ̀, àmọ́ lójú ẹni tó jókòó, àfi bíi pé ó máa nawọ́ kàn án. Ìjàngbọ̀n ni kí ẹnì kan má mọ̀ pé ẹnìkejì ń bọ̀. Hẹlikópítà Washington yẹn, wọ́n ní kó má kọjá 200 ẹsẹ̀ bàtà lójú ọ̀nà yẹn, ó wà ní nǹkan bíi 278. ADS-B rẹ̀, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa kéde ibi tó wà, ò kéde nǹkan kan. TCAS tó ń pariwo fún awakọ̀ pé kó gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀, kì í pàṣẹ mọ́ tí bàálù bá ti wà nísàlẹ̀ 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, kó má baà lé e wọlẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà: Ẹ ṣeun bàbá. Ẹ ti fún mi nídìí mìíràn.

Dẹ́rẹ́bà Ìyàrà: Òfin tí tírélà ò ní fi máa gba ojú ọ̀nà tèmi láàárín Ọ̀bájánà sí Kàbbà ńkọ́? Kò sí TCAS lára bọ́ọ̀sì mi o.

Kò Sí Irọ́: Hóònù ńkọ́?

Dẹ́rẹ́bà Ìyàrà: Ó ti kú láti Àjíǹde.

Ẹ̀gbẹ́ Ló Bí Mi: Ẹ̀ ń ṣàwàdà. 7 oṣù Kọkànlá 1996, bàálù ilé iṣẹ́ ADC gbéra ní Port Harcourt, Èkó ló ń bọ̀. Ó fẹ́ yẹra fún bàálù mìíràn, ó yí jù, ó já sí Ẹ̀jìrìn lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Kò tiẹ̀ fara kan èkejì! Ẹni 144, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà nínú wọn. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi náà bá a lọ. Títí bàbá rẹ̀ fi kú, tí wọ́n bá gbọ́ ìró bàálù lókè oko, wọ́n á gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n á dúró títí á fi kọjá.

Oníṣòwò Ìsánlú: Há. Ẹ kú àmúmọ́ra.

Kò Sí Irọ́: Bàbá Táwà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ará táwà lẹ darí ADC síbi tí èkejì ń gbà bọ̀?

Ará Táwà: N ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n ò ní jiyàn. Ìwádìí dá ẹni tó wà nídìí rédà lẹ́bi, ó dá awakọ̀ náà lẹ́bi. Èèyàn máa ń ṣì í. Ìdí tí wọ́n fi ní kí awakọ̀ tẹ̀lé TCAS nìyẹn bí ohùn wa bá ta kò ó. Ní 2002, lókè Überlingen ní Jámánì, ẹ̀rọ ní kí àwọn awakọ̀ bàálù Rọ́ṣíà kan gòkè, táwà ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbọ́ ti táwà, wọ́n sì forí sọ bàálù mìíràn. Ẹni 71 ló kú, ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù.

Kò Sí Irọ́: Ẹ̀rọ wá di ọ̀gá èèyàn. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ̀gbẹ́ Ló Bí Mi: Kó o fara mọ́ ọn tàbí kó o má fara mọ́ ọn, òun ni kì í sùn.

Ọmọ Òkè Kàbbà: Tí wọ́n bá dá ìpínlẹ̀ Ọ̀kun sílẹ̀, Kàbbà ni pápákọ̀ òfurufú wa máa wà, a ó fi gbogbo ẹ̀rọ yẹn síbẹ̀.

Oníṣòwò Ìsánlú: Ta ló fún yín? Òkè ló yí Kàbbà ká. Ìsánlú ló nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà: Mọ̀pà wà láàárín, ká má fa wàhálà.

Dẹ́rẹ́bà Ìyàrà: Kẹ́ ẹ tó parí ìjà pápákọ̀, mò ń lọ Àbújá láàárọ̀ ọ̀la, ènìyàn méjì ló kù.

Kò Sí Irọ́: Èló?