Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni, àbí oorun ló ń kùn ún?

À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún “driver fatigue”, ìyẹn bí iṣẹ́ tó pẹ́ tàbí oorun tí kò tó ṣe ń mú kí awakọ̀ má lè wakọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pè é ní “àárẹ̀ awakọ̀”, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ kò ní í béèrè ìtumọ̀. Àmọ́ ẹ má bínú sí mi, mi ò lè fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sínú òfin ká wò ó. Nínú ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, abala kan wà, 392.3, tó ní awakọ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀, ilé iṣẹ́ tó gbà á kò sì gbọdọ̀ ní kó wà á, bí fatigue, àìsàn tàbí ohun mìíràn bá ti dín agbára rẹ̀ tàbí ìtají rẹ̀ kù débi tó fi léwu. (Ẹ jẹ́ kí “ìtají” yẹn dúró ná, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.) Ẹ rí i pé òfin ka fatigue sọ́tọ̀, ó ka àìsàn sọ́tọ̀. Ká wá fi àárẹ̀ túmọ̀ èyí àkọ́kọ́, kí ló kù? Ẹni tó ń ṣàárẹ̀, ṣebí àìsàn ló ń ṣe é? Aláàárẹ̀ là ń kí pé ara á le. Gbólóhùn náà á di “àárẹ̀ tàbí àìsàn”, bí ìgbà téèyàn ní “omi tàbí omi”. Lọ́yà tó bá gbọ́ Yorùbá dénú á fa abala yẹn ya ní kóòtù.

“Agara” tí ẹlòmíì mú wá, ìbínú wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa dáni lágara, ọmọ a máa dáni lágara. “Ìrẹ̀wẹ̀sì”, ti ọkàn nìyẹn. “Àìsùn awakọ̀” ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Bí mo ṣe kà á báyìí, ńṣe ni mo ń retí ìlù àti ìpápánu.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹrù mẹ́ta ni òyìnbó dì sínú àpò kan. Iṣẹ́ tó pẹ́ lọ́wọ́ ni àkọ́kọ́. Oorun tí kò tó ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni aago inú ara, tó máa ń fa èèyàn wọnú oorun láàárín nǹkan bí aago 2 òru sí aago 6 àárọ̀, bó tiẹ̀ sùn lọ́sàn-án. Àpò yìí ni a fẹ́ bá wọn gbé bó ṣe wà, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá ti tú u palẹ̀ tipẹ́. Iṣẹ́ á pọ̀ lọ́wọ́ ẹ, wàá ní “ó rẹ̀ mí”. O ò sùn tó, tàbí aago inú ara ló fà ẹ́, wàá ní “oorun ń kùn mí”. (Ẹ má fi àmì ohùn kankan sí oorun yẹn o, kí ẹnì kan má lọ kà á sí oòrùn tó ń ràn.)

Mo jókòó ti awakọ̀ tírélà kan rí ní ìdájí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni, kò tíì wà á tó wákàtí kan. Mo rí i tó ń gbá ara rẹ̀ létí, tó yí gíláàsì wálẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ lójú. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?” Ó ní, “Kí ló máa rẹ̀ mí? Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Oorun ló ń kùn mí.” Ká ní ìwé ìbéèrè ìwádìí ló wà lọ́wọ́ mi, tí mo kọ “Ǹjẹ́ ó rẹ̀ yín?” síbẹ̀, “rárá” ni ǹ bá kọ fún un. Ọkùnrin náà ò sì purọ́.

Kì í ṣe àríyànjiyàn ẹnu lásán nìyí. Kò sí ẹ̀rọ tí awakọ̀ lè fẹnu fẹ́ sí tó máa sọ iye oorun tó jẹ gbèsè, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọtí. Nínú ìwádìí ńlá tí Amẹ́ríkà ṣe lórí ohun tó ń fa ìjàǹbá ọkọ̀ akẹ́rù, awakọ̀ akẹ́rù bíi 13 nínú 100 ni wọ́n kà sí ẹni tí fatigue ti mú nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n ni bíbéèrè bí onítọ̀hún ṣe sùn àti bó ṣe ṣiṣẹ́. Bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ lò nínú ìbéèrè, iye tí a máa kà jáde á yí padà.

Àbá tèmi: “rírẹ̀” fún ti iṣẹ́, “òògbé” fún ti oorun, kí a sì so méjèèjì pọ̀, “rírẹ̀ òun òògbé”, níbi tí òfin bá ti kó wọn pọ̀. Ó gùn, mo gbà. Àmọ́ ó jẹ́ ká rí ohun tí òfin ń kà àti ohun tí kò lè kà. Wákàtí ni òfin ń kà. Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ akẹ́rù lè wakọ̀ fún wákàtí 11 lẹ́yìn tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 10 gbáko. Ní àjọṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wákàtí 9 ni lóòjọ́, ó sì lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bó bá sì ti wà á fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, kó sinmi ìṣẹ́jú 45. Rírẹ̀ ni gbogbo ìyẹn ń lé jù. Wákàtí 10 tí awakọ̀ fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ló mọ èwo ló fi sùn nínú ẹ̀?

Ẹni tó sì kọ “fèrèsé wákàtí 14” fún “14-hour window”, ìyẹn àkókò tí wákàtí 11 ti Amẹ́ríkà yẹn ti gbọ́dọ̀ parí láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, jọ̀wọ́, fèrèsé dà níbẹ̀? “Gbèdéke wákàtí 14” tó.

Ó ku “microsleep”, ìyẹn oorun tó ń gbé èèyàn lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ láìmọ̀. “Oorun ìṣẹ́jú-àáyá” tí wọ́n dábàá kò burú, àmọ́ ó dà bí ẹni gbé aago dání. “Oorun fìrí” ni mo fara mọ́. A máa ń rí nǹkan fìrí. Kí ló dé tí a ò ní sùn fìrí? Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan á ti lọ ju mítà 110 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó ń wà á. Fìrí náà nìyẹn.

“Ìtají” ni mo fi dípò “alertness” lókè yẹn, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó ti sùn tẹ́lẹ̀ ló ń ta jí. “Ìlajúsílẹ̀” ń kọ́? Rárá, oorun fìrí a máa gbé èèyàn lọ tòun ti ojú ní lílà. “Ìfarabalẹ̀” ni kí ẹ má tiẹ̀ dá lábàá rárá. Awakọ̀ tó bá fara balẹ̀ jù ní aago 3 òru, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ń lọ.