Ìyá mi kò mọ̀wé: báwo ni yóò ṣe búra ní kóòtù tí báńkì yóò fi gba ìwé rẹ̀?

Ìbéèrè, láti Ìṣàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Sikira ni báńkì kọ orúkọ ìyá mi, ẹni ọdún 81, ṣùgbọ́n Sikiratu ló wà lára NIN rẹ̀, báńkì sì ní kí ó lọ búra ní kóòtù pé òun kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ọkùnrin kan tó gbé tábìlì sábẹ́ agbòòrùn ní kí màmá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó gba owó, ó ní kí wọ́n tẹ̀ka, ó wọlé, kò sì pẹ́ tó fi mú ìwé jáde, tàdáwà òǹtẹ̀ ṣì tutù débi pé ó lẹ̀ mọ́ mi níka. Báńkì kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹnikẹ́ni ka ìwé náà fún màmá. Ó dùn mí wọra, nítorí orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu. Ṣé kí n padà tọ ọkùnrin yẹn lọ ni? Kóòtù Gíga Ìgbóṣeré tí mo mọ̀ sì ti jóná ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìntì, Èbúté Mẹ́ta

Ẹ má padà tọ̀ ọ́ lọ o. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ojú ẹni tó ń gba ìbúra gan-an ni kí ẹni tó ń búra ti fọwọ́ sí i tàbí kí ó ti tẹ̀ka. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, a ó ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, a ó rí i pé ó yé e, a ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé a ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá ṣe ògbufọ̀ fún un náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ má fojú kékeré wo kíkà yẹn. Mo ti ka ìwé fún baba arúgbó kan rí tó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi ilé òun sílẹ̀ fún ọmọ àbúrò òun tó mú ìwé náà wá.

Ẹ lè lọ sí rẹ́jísírì Kóòtù Gíga ní Ìkẹjà, tàbí kóòtù májísíréètì tó bá sún mọ́ yín tí kọmíṣọ́nà fún ìbúra, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra, bá wà níbẹ̀. Orúkọ màmá ní kíkún, iṣẹ́ wọn, àdúgbò wọn àti orílẹ̀-èdè wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí ẹ sì da orúkọ méjèèjì kọ lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ gba rìsíìtì.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ lọ́yà kan, Yábàá

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo fi kún un pé lọ́yà tó bá ń ṣojú màmá kò lè gba ìbúra náà lọ́wọ́ wọn, ọmọ wọn kò sì gbọdọ̀ bá wọn tẹ̀ka.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò kan, Balógun

Bàbá mi kò lè gun àtẹ̀gùn. Mo tètè dé, mo ṣàlàyé fún akọ̀wé, kọmíṣọ́nà fúnra wọn sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Kùránì lọ́wọ́. Ẹ sáà bẹ̀ wọ́n.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ó lọ. Màmá ní kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ fún òun, títí kan nọ́ńbà ilé.