Ọjọ́ méjì lórí òkun láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀: báwo ni kí n ṣe jẹ́ kí màmá mi sinmi?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi àti màmá mi, ẹni ọdún 71, fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lóṣù tó ń bọ̀ fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ méjì nínú rẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró ní èbúté kankan. Ọjọ́ méjèèjì yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ sanwó, torí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú lọ́dún tó kọjá, màmá ò tíì jókòó sinmi rí. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ijó, ìdíje, orin, wákàtí kan ò ṣófo. Màmá náà ti ń béèrè pé bí òòyì òkun bá kọ́ òun ńkọ́. Iwájú ọkọ̀ pátápátá ni yàrá wa wà, lókè lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Yàrá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ fi ìka méjì di rúlà mú láàárín, kí ẹ wá mì í: ibi tí ìka yín wà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì, orí rẹ̀ méjèèjì ló ń lọ sókè sódò. Bí ọkọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ ńlá ní irin kan bíi lẹbẹ ẹja lábẹ́ omi tí kì í jẹ́ kí wọ́n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ púpọ̀, àmọ́ kò sí ohun tó lè ṣe sí iwájú tó ń gbé sókè. Ẹ tètè pè wọ́n, kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún yàrá tó wà láàárín, nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ti oògùn, dókítà tó ń tọ́jú màmá ni kí ẹ bi, torí àwọn míì nínú oògùn òòyì máa ń kun èèyàn lóorun, wọ́n sì lè ta ko oògùn tí màmá ń lò. Kí òòyì tó dé ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ìgbà tí èébì bá ti gbé èèyàn.

Bàbá Onísùúrù: Ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò lágbègbè omi orílẹ̀-èdè, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ṣí ilé tẹ́tẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ sì ni èrò máa ń ya lọ. Ìwọ ní tìẹ, lọ síbi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ kékeré ìdóòlà rọ̀ sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀nà tóóró kan wà lábẹ́ wọn tí èèyàn lè rìn, ibòji wà níbẹ̀, àga sì máa ń wà. Orin ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kì í débẹ̀. Ìró omi tó ń ya lára ọkọ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́. Kí màmá tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti ọ̀run ti pàdé, ìyẹn máa ń fọkàn ẹni balẹ̀, ó sì ń dín òòyì kù. Tó bá di ọ̀sán, ẹ má lọ tò síbi tí kálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá báni ṣí. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọwọ́. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ kì í sábà ran kòkòrò inú rírun tó ń jà nínú ọkọ̀.

Adéọlá_K: Ẹ má bínú sí mi o, ẹ má fi dandan mú màmá sinmi. Bàbá tèmi, ibi ẹ̀kọ́ ijó ló ti rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ìyá wa lọ. Ẹ jẹ́ kí màmá fọwọ́ ara wọn mú ohun kan ṣoṣo nínú ètò yẹn, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni Adéọlá sọ. Ẹ tún rántí o, atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé oòrùn ń jó òun. Ẹ bo orí màmá. Ẹ sì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín pa, torí ti inú ọkọ̀, sátẹ́láìtì ló ń gbà, owó rẹ̀ ga gan-an.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Wọ́n ti fún wa ní yàrá láàárín, nísàlẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún màmá, ẹ̀kọ́ ijó ni wọ́n mú! Ìgbà tí mo kà á dé ibi ọ̀rọ̀ àga abẹ́ ọkọ̀ ìdóòlà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ṣé àga méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, kí àwọn lè ráyè sọ ọ̀rọ̀ bàbá fún mi.

Bàbá Onísùúrù: Kí ẹ tètè jí lọ. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ò bá sí ni kí ẹ jókòó sí, kí o sì mú aṣọ ìbora dání fún wọn.