Káàdì ìdìbò mi tí n kò rí gbà: ta ló tún ṣẹlẹ̀ sí?

Aránṣọ, Ìbàdàn:
Ẹni tó bá mọ ọ̀nà àbáyọ, ẹ gbà mí o. Oṣù keje 2022 ni mo lọ forúkọ sílẹ̀, nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde pé àwọn á ti í pa ní ọjọ́ 31. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo débẹ̀, síbẹ̀ èrò ti kún. Bàbá kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni ló ń kọ orúkọ wa sínú ìwé, ó ní èmi ni ẹni 163. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹlòmíì ti ṣí ìwé tirẹ̀, ó ní ti bàbá kò kà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń kú ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí wọ́n tó ya ojú àti ìka mi. Oníbàárà mi tó fẹ́ gba aṣọ ìgbéyàwó bú mi títí.

January 2023, wọ́n ní ká wá gba káàdì ní wọ́ọ̀dù. Páálí ni wọ́n dà sílẹ̀ fún wa pé ká máa wá tiwa fúnra wa. Mo rí ti àbúrò ọkọ mi, mo rí ti aládùúgbò wa tó ti kú, n kò rí tèmi. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú títí di 5 February, pàbó ni. Ọjọ́ ìdìbò, ìdí máṣíìnì mi ni mo jókòó sí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ní tèmi, káàdì wà, ìka ni kò sí. Ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ọdún márùndínlógójì dì mú àti iyán gígún ti jẹ́ kí ìka mi dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àgùnbánirọ̀ tó wà níbẹ̀ ní, “Mà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún gèlè sẹ́yìn díẹ̀.” Ó fi ẹ̀rọ kojú mi, ó sì gbà.

Ní June 12, 1993, ẹ̀rọ wo? Wọ́n yẹ orúkọ wa wò nínú ìwé láàárọ̀, a wá dìbò, wọ́n ka ìbò sókè, a sì ń bá wọn kà á bí ọmọ iléèwé. Kò sẹ́ni tó jà. Ọjọ́ 23 oṣù yẹn ni ìjọba Babangida fagi lé e. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n bá yín pariwo ẹ̀rọ.

Kọ́pà àná:
Ẹ kú àárọ̀, mà á. Èmi náà wà nídìí ẹ̀rọ yẹn ní 2023, kì í ṣe ní Ọ̀yọ́ o. Orí bẹ́ǹṣì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la sùn mọ́jú 25 February. Ọkọ̀ tí wọ́n ní á gbé wa laago mẹ́fà, aago mẹ́sàn-án ti kọjá kó tó yọjú. Ìdìbò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tá a kà á tán ni wàhálà dé.

Fọ́ọ̀mù EC8A la máa ń kọ èsì sí, ejẹ́ntì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí i, a ó wá fi BVAS ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí ìkànnì INEC. Ti sẹ́nétọ̀ lọ. Ti aṣojú-ṣòfin lọ. Ti ààrẹ kọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yí mi ká: “Kọ́pà, ṣé ó ti gòkè?” Mo gun àga, mo na ẹ̀rọ sókè, kò lọ. Ẹnì kan ní mo ti gbowó. Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ ni ejẹ́ntì ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi níbẹ̀. Ó na ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ sí wọn, ó ní, “Òun nìyí, mo fọwọ́ sí i.” Iye tá a kọ síbẹ̀ jóòótọ́, mo lè fi irin búra. Àmọ́ ta ló máa gba kọ́pà gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó lé ní mílíọ̀nù 93 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde dìbò ààrẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi jókòó sílé.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ forúkọ sílẹ̀?

Ìyàwó ilé, Èkó:
Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ Enúgu lọkọ mi. Ní 18 March, ìdìbò gómìnà, àwọn ọmọkùnrin kan mú igi dúró sẹ́nu àdúgbò wa. Wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ìyá wa, ẹ máa kọjá.” Wọ́n ní kí ọkọ mi padà sílé. Mo bá a padà. Káàdì àwa méjèèjì wà nínú báàgì mi. Ẹ̀rọ wo ló máa ka ìyẹn?

Ará Peckham:
Ẹ tilẹ̀ ń rí ẹ̀rọ bá jà. Òfin ò gbà káwa tá a wà lókè òkun dìbò rárá. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé nìkan ni kì í nílò káàdì.

Aránṣọ, Ìbàdàn:
Kọ́pà, ẹ̀ẹ̀mejì ni o. Jẹnẹrétọ̀ kú bí wọ́n ṣe ya ìka mi tán, ẹ̀rù bà mí pé kò wọlé. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ ṣe òmíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ kejì. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Kọ́pà àná:
Ibẹ̀ ló ti dàrú, ẹ̀gbọ́n. Òfin ò gbà á. Wọ́n fi ìka gbogbo wa wéra, 2,780,756 ni wọ́n sì yọ kúrò nínú ìforúkọsílẹ̀ yẹn. Àwọn tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì wà lára wọn. Wọ́n tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2025 nítorí 2027. Ẹ mú ìwé pélébé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n fi nọ́mbà rẹ̀ wá yín. Ẹ má ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta o!

Aránṣọ, Ìbàdàn:
Mo ti rí i, inú Bíbélì ìyá mi ló wà. Ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Nọ́mbà tó kẹ́yìn, mi ò mọ̀ bóyá 3 ni àbí 8.