“all”, “any” tàbí “armhf”: èwo ni ká kọ sára package .deb?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Python ló pọ̀ jù nínú package .deb yìí (àkójọ fáìlì tí Debian Linux fi ń gbé software wọlé), àmọ́ fáìlì .so kan (library tí wọ́n ti compile, ìyẹn ni pé wọ́n ti yí i sí èdè prósẹ́sọ̀) tí wọ́n fi C kọ wà níbẹ̀. “Architecture: all” ló wà nínú debian/control, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe package náà. Lórí amd64 (prósẹ́sọ̀ 64-bit ti Intel àti AMD) kò sí wàhálà. Lórí Raspberry Pi 4, dpkg, irinṣẹ́ tó ń fi .deb sórí ẹ̀rọ, gbà á wọlé, ṣùgbọ́n Python kọ̀: `wrong ELF class: ELFCLASS64` (ìyẹn ni pé 64-bit ni fáìlì náà). Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

Ìdáhùn 1
“all” yẹn ló fà á. Ohun tó ń sọ fún dpkg ni pé kò sí nǹkan kan nínú package náà tó so mọ́ irú prósẹ́sọ̀: script, àwòrán, ìwé ìtọ́nisọ́nà lásán. Nítorí náà ni .so ti amd64 ṣe ráyè wọ orí ARM, irú prósẹ́sọ̀ tó wà nínú Raspberry Pi. Ká ní amd64 ló wà níbẹ̀ ni, ẹnu ọ̀nà ni dpkg ì bá ti dá a padà: `package architecture (amd64) does not match system (armhf)`. armhf ni Debian ń pe irú ARM 32-bit yìí.

Ẹ kọ “any”. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í hàn lára .deb, irú ẹ̀rọ tí ẹ compile rẹ̀ fún ló máa rọ́pò rẹ̀, bíi `_arm64.deb` fún ARM 64-bit. Bí Python yẹn bá wúwo, ẹ pín in sí méjì: Python nìkan nínú “all”, .so nínú “any”. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi lintian, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú package, yẹ̀ ẹ́ wò, ó máa ń rí irú àṣìṣe yìí.

Ìdáhùn 2
Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àṣẹ `uname -m`. Kernel (ọkàn OS) nìkan ló ń sọ. Pi 4 tó ń lo OS 32-bit lè ní kernel 64-bit: uname á ní aarch64 (64-bit), bẹ́ẹ̀ armhf ni gbogbo package orí rẹ̀. `dpkg --print-architecture` ni kí ẹ bi. Lọ́dọ̀ RPM (irú package tí Fedora ń lò), amd64 ń jẹ́ x86_64, arm64 ń jẹ́ aarch64, “all” ń jẹ́ noarch.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé armhf tí mo bá compile lórí Debian máa ṣiṣẹ́ lórí Pi Zero àkọ́kọ́?

Ìdáhùn 1
Rárá o. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, inú wọn yàtọ̀. armhf ti Debian ń béèrè ARMv7, ẹ̀yà ARM tó tuntun ju ARMv6 lọ. Ti Raspberry Pi OS dúró sí ARMv6 nítorí Pi 1 àti Pi Zero. dpkg á gbà á, `Illegal instruction` ni ẹ máa rí tó bá dé orí iṣẹ́. Orí Raspberry Pi OS 32-bit ni kí ẹ ti compile rẹ̀. Ti v6 máa ń ṣiṣẹ́ lórí v7. Ẹ wá lo `readelf -A`, tó ń fi irú prósẹ́sọ̀ tí wọ́n compile fáìlì fún hàn, lórí .so náà: `Tag_CPU_arch: v6` ló yẹ kó wà níbẹ̀.