Sọ́fítíwíà wo ló yẹ fún yíya máàpù ayé àròsọ tó ní ọ̀sà bíi ti Ẹ̀pẹ́?

Ìyá Sídí, Manchester:
Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ nílé lóko, mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe eré Dungeons & Dragons (eré àròsọ tí àwọn ọ̀rẹ́ jọ ń fẹnu ṣe, tí ẹnì kan sì ń darí) ní alẹ́ Sátidé, òun ló sì ń darí eré náà fún wọn. Ó fẹ́ kí ayé tí wọn yóò máa rìn kiri inú rẹ̀ jọ agbègbè wa: ọ̀sà gígùn tí iyanrìn là kúrò lára òkun, ìlú apẹja, àti odi òun yàrà ńlá bí Erédò Súngbọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tó wà nílé ní Ẹ̀pẹ́ ń bá wọn ṣe é láti orí fóònù. Nínú gbogbo sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya máàpù, èwo ni kí n rà? Mo rí i pé àwọn kan ń gba owó lọ́dọọdún, èmi kò sì fẹ́ máa sanwó lórí ohun tí yóò pa tì.

Múfú, Houston:
Ẹ kú àníyàn ọmọ, Àǹtí. Kí ẹ tó yọ káàdì báǹkì, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú máàpù tó fẹ́ yà. Máàpù odindi ilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìgboro ìlú kan, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti ibi ìjà, èyí tí wọ́n pín sí àpótí kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5. Wonderdraft ni ti ilẹ̀ gbígbòòrò; Dungeondraft, tí ẹni kan náà ṣe, ni ti ibi ìjà. Ti ìgboro kò gba kọ́bọ̀: Medieval Fantasy City Generator tí Watabou ṣe yóò to àdúgbò, odi àti òpópónà fún un kíá, àmọ́ ìlú òyìnbó ayé àtijọ́ ló ń tò, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ yí i tí yóò fi di Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó fiyè sí jù ni omi, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn sọ́fítíwíà yìí, òkun àti adágún nìkan ni wọ́n mọ̀. Kí ó fi Azgaar's Fantasy Map Generator bẹ̀rẹ̀; ọ̀fẹ́ ni, inú bíráúsà ló sì ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, gíga ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 100, ibi tí kò bá sì tó 20, omi ni. Omi tó bá kan etí máàpù ló ń kà sí òkun; èyí tí ilẹ̀ bá yí ká, adágún ni lójú tirẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ya ọ̀sà tí kò sì la ẹnu kan fún un láti já sókun, bí tiwa ṣe já sókun ní Èkó, sọ́fítíwíà náà yóò sọ ọ́ di adágún, ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi láti ìlú apẹja rẹ̀ kò sì ní lè jáde sí òkun. Kí ó rẹ ilẹ̀ sílẹ̀ ní ibì kan tóóró títí yóò fi wá sí ìsàlẹ̀ 20, ọ̀rọ̀ parí.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Ó gbà kí èèyàn kó orúkọ ìlú fún un kí ó lè máa fi wọ́n hun orúkọ tuntun. Mo kó Èjìnrìn, Agbówà, Ìlárá, Odómọlá àti àwọn abúlé mìíràn tí mo rántí sí i; àwọn orúkọ tó ń bí jáde kì í ṣe ti ìlú kankan láyé, síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ wọn yóò búra pé ọkọ̀ ìyá òun ti dúró níbẹ̀ rí.

Bí ilẹ̀ bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó wá tún un yà dáadáa nínú Wonderdraft. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ya nǹkan, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ṣùgbọ́n kò sí ti fóònù. Bó bá jẹ́ Chromebook, kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé inú bíráúsà ló ti ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ni ẹ ní nílé, Inkarnate ni kí ẹ lọ bá, torí inú bíráúsà lòun náà ń gbé. Ti ọ̀fẹ́ kò ní àwòrán púpọ̀, fún ìlò ara ẹni nìkan ló sì wà. Ẹni tó bá fẹ́ ta máàpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó.

Ní ti Erédò, ó gùn ju kìlómítà 160 lọ, nítorí náà ìlà kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ lórí máàpù ńlá. Orí máàpù ibi ìjà ló ti ń di nǹkan: ibi tó ga jù tó nǹkan bíi mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ìyẹn àpótí mẹ́tàlá bí a bá fi ìwọ̀n eré náà wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ ti rí ìjà tirẹ̀.

Ráṣídì, Toronto:
Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ kò mẹ́nu ba àmì ohùn. Àwọn lẹ́tà oníṣọ̀nà tí wọ́n máa ń lò lórí irú máàpù báyìí kì í sábà ní ẹ, ọ àti ṣ. Àpótí òfìfo ni wọ́n ń gbé jáde, tàbí kí àmì ohùn fò lọ jókòó sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Kí ọmọ kọ́kọ́ tẹ «Ẹ̀pẹ́» nínú sọ́fítíwíà yòówù kó fẹ́ lò, kí ó wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí kò bá dára, kí ó má kọ orúkọ kankan sí máàpù náà. Kí ó gbé e lọ sínú Inkscape, sọ́fítíwíà àwòrán tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ó sì fi lẹ́tà Charis SIL tàbí Gentium kọ gbogbo orúkọ níbẹ̀. Máàpù ìgboro ti Watabou ń jáde ní SVG (irú fáìlì àwòrán tí kì í ṣú bí a bá fẹ̀ ẹ́), Inkscape sì ń ṣí i láìsí wàhálà.

Àwọn igi àti ilé tí ń bá wọn wá pàápàá, ti ilẹ̀ olótùútù ló pọ̀ jù. Wonderdraft gbà kí a kó àwòrán tiwa sí i, nítorí náà kí ó ya ọ̀pẹ, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti agboolé onípáànù nínú Krita, sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán, kí ó tọ́jú wọn bíi fáìlì àwòrán PNG tí kò ní àwọ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kan lè dárúkọ Campaign Cartographer fún yín. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n Windows nìkan ló wà fún, bí ìlànà àwọn ayàwòrán ilé ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó fẹ́ ṣe eré lọ́jọ́ Sátidé yìí kò ní sùúrù rẹ̀.

Ìyá Sídí, Manchester:
Ẹ ṣeun púpọ̀, kọ̀ǹpútà Windows la ní. Àwọn tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní máàpù tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ń jẹ dátà, wọn kò sì rí orúkọ kà lórí rẹ̀.

Múfú, Houston:
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé PNG ńlá ló fi ránṣẹ́, tí WhatsApp sì fún un pọ̀. Ti ibi ìjà, bó bá fi pixel (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 70 sí àpótí kan gẹ́gẹ́ bí Roll20, ojúlé tí wọ́n ti ń ṣe irú eré yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ń ṣe é, àpótí 30 sí 20 kò ju pixel 2100 sí 1400 lọ. Kí ó tọ́jú rẹ̀ ní JPEG, irú fáìlì fọ́tò tí kì í wúwo, kí ó fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán. Ti odindi ilẹ̀ ni kí ó fi ránṣẹ́ bíi document, kí orúkọ má baà ṣú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò sì sanwó dátà rẹ̀.