Iná LED kéékèèké inú àpótí onígíláàsì: irú bátìrì wo ni kí n fi gbé e?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìyá bàbá mi fi ère ìbejì méjì sílẹ̀ fún ìdílé wa, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi kan àpótí onígíláàsì tí wọn yóò máa wà nínú rẹ̀ ní pálọ̀, kí àwọn ọmọ lè máa rí wọn láìfọwọ́ kàn wọ́n. Àpótí náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó ga ní 45, mo sì ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iná ni ó kù.

Mo ra iná LED funfun mẹ́sàn-án, irú ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí orí rẹ̀ kò ju mílímítà 5 lọ. Mo kọ́kọ́ so gbogbo wọn mọ́ bátìrì onífólítì 9 láìfi ohunkóhun sí àárín. Wọ́n tàn yòò, ṣùgbọ́n kí n tó ka ení dé ẹẹ́wàá, mẹ́fà ti jó. Nígbà tí mo lọ ra òmíràn, ẹni tí ó tà á ní kí n fi rẹsítọ̀ 220 ohm, ohun kékeré tí ń dín iná kù, sí ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì lo power bank. Mo dán mẹ́rin wò: wọ́n tàn dáadáa, àmọ́ kò pé ìṣẹ́jú kan tí power bank náà fi pa ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ṣe títí di òní. Iná ìjọba kì í dúró ládùúgbò wa, mo sì fẹ́ kí àpótí náà máa tàn fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lálaalẹ́. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí n fi gbé e?

Bàbá Oníná

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù àwọn mẹ́fà tí ó jó. Ẹ má ṣe fi ojú gílóòbù wo LED. LED kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀: bí fólítì tí ó wọ inú rẹ̀ bá fi díẹ̀ kọjá èyí tí ó fẹ́, iná tí yóò fà yóò pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po, yóò gbóná, yóò sì jó. Èyí tí ó funfun ń fẹ́ nǹkan bíi fólítì 3.1, irú kékeré tí ẹ rà kò sì gbọdọ̀ fa ju mílíáńpù 20 lọ (mílíáńpù ni a fi ń wọn bí iná tí ń sàn ti pọ̀ tó). Rẹsítọ̀ ni ó ń dá a lẹ́kun.

Power bank yín kò bàjẹ́. LED mẹ́rin tí ẹ so mọ́ ọn ń fa nǹkan bíi mílíáńpù 35 lápapọ̀, ọ̀pọ̀ power bank ni wọ́n sì ṣe kí ó máa pa ara rẹ̀ bí ohun tí ó ń fa iná lára rẹ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé fóònù tí a kì bọ̀ ọ́ ti kún.

Bátìrì onífólítì 12 ni èmi yóò lò, èyí tí wọ́n kọ 7 Ah (ìwọ̀n iná tí ó lè kó pamọ́) sí lára, irú èyí tí ó máa ń wà nínú UPS, ẹ̀rọ tí ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ. Ẹ so LED ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹsẹ̀ gígùn ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ kúkúrú èkejì, kí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di ìlà mẹ́ta, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní rẹsítọ̀ tirẹ̀. LED mẹ́ta ti gba fólítì 9.3. Àwọn kan yóò ní 150 ohm ti tó, nítorí pé 12 ni wọ́n fi ṣírò, ṣùgbọ́n bátìrì yìí lè gun 14.4 nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀, 150 ohm yóò sì jẹ́ kí mílíáńpù 34 kọjá. Ẹ lo 330 ohm. Lójú ṣáàjì, mílíáńpù 15 ni ìlà kan yóò fà. Bí bátìrì bá dá dúró ní 12.5, bíi 10 ni. Ìlà mẹ́ta jẹ́ 30. Bí ẹ kò bá lò ju ìdajì agbára bátìrì náà lọ, nítorí pé lílò ó tán pátápátá ni ó ń tètè ba irú rẹ̀ jẹ́, ẹ ó rí ju wákàtí 100 lọ, èyí tí ó lé ní ogún alẹ́. Ẹ fi fíúsì 1 A, èyí tí ń já bí iná bá pọ̀ jù, sí orí wáyà pọ́sítíìfù, nítòsí bátìrì gan-an. Ẹ má fojú di í: bí wáyà bá kanra, bátìrì kékeré yìí lè mú kí ó pọ́n bí ẹyin iná.

Káfíńtà Kékeré

Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá. Ó kàn jẹ́ pé bátìrì yẹn wúwo tó kìlógíráàmù 2. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí àlejò bá dé nìkan ni wọn yóò máa tan iná náà, bátìrì AA mẹ́ta tó. Fólítì 4.5 ni wọn yóò mú wá, LED mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 150 ohm tirẹ̀. Yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ bí bátìrì ti ń rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ṣíṣáàjì níbẹ̀.

Ọmọ Aláró

Ẹ̀gbọ́n, àdìrẹ yẹn ni ó ń kọ mí lóminú. Òótọ́ ni pé LED kì í mú ìtànṣán tí ń jó aṣọ wá bíi ti oòrùn, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí pàápàá ń ṣí aró, èyí tí ó bá sì ti ṣí lónìí kò ní padà bó bá di ọ̀la. Ńṣe ni ṣíṣí náà yóò máa pọ̀ sí i. Osùn tí wọ́n fi kun ara ère náà ń ṣí ju aró lọ. Nítorí náà ni àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kì í fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ́ sórí aṣọ ju lux 50 lọ (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí nǹkan). Wákàtí márùn-ún lálaalẹ́ jẹ́ 1,825 lọ́dún kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ dín in kù. Ẹ fi iná sí òkè níwájú, kí ó jìnnà sí aṣọ, kí bátìrì àti rẹsítọ̀ sì wà ní ìta gíláàsì. Bí fèrèsé bá dojú kọ àpótí náà, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ronú kan LED rárá.

Ọmọ Ìyá Ìbejì

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo ti kan dúrọ́ọ̀ kékeré sí abẹ́ àpótí náà fún bátìrì onífólítì 12, fíúsì àti rẹsítọ̀ 330 ohm mẹ́ta. Mo wọn ìlà kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì kọjá mílíáńpù 10. Mo ti gbé e kúrò níwájú fèrèsé. Mo ká àdìrẹ náà sínú àpótí aṣọ, mo sì fi aṣọ òféfèé tuntun kan rọ́pò rẹ̀. Bọ́tìnnì tí a máa ń tẹ̀ dání ni mo fi sí ẹ̀gbẹ́ àpótí: bí ọmọ bá gbé ọwọ́ kúrò, iná á kú.